Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Tó Di Ti Gbogbo Ayé

Ní 1886, Paul Passy àti àwọn olùkọ́ èdè dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa fi àmì ìró kọ́ èdè. Ṣé ti olùkọ́ nìkan ni ẹgbẹ́ náà? Ní 1897, wọ́n yọ “olùkọ́” kúrò nínú orúkọ rẹ̀; ó di ti gbogbo ayé. Síbẹ̀, ohùn tó ń gòkè ni wọ́n ń fi ( ´ ) kọ. Ìpàdé Kiel, ní Jámánì, ní 1989 ló fi ( ´ ) fún ohùn òkè, ( ` ) fún ohùn ìsàlẹ̀, bí ọkọ́ àti ọkọ̀ tiwa. Àwa kọ́ la yí padà. Ẹgbẹ́ tó ní ti gbogbo ayé lòun, àfi kó gba àṣà ayé wọlé.