Ìgbẹ́kẹ̀lé Aráàlú nínú Olórí Orílẹ̀-èdè Nígbà Rògbòdìyàn

Ìgbẹ́kẹ̀lé aráàlú nínú olórí orílẹ̀-èdè ni bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀ tó pé ohun tí olórí bá sọ náà ni yóò ṣe, àti pé agbára tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, tiwọn ló ń fi ṣe. Nígbà tí ìlú bá tòrò, èèyàn kì í tètè mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí. Ìgbà tí ìlú bá dàrú ni ó ń hàn. Ìjọba á ní kí oníkálukú jókòó sílé, ìlú á jáde. Rédíò ìjọba á ròyìn tirẹ̀ tán, bàbá àgbà á yí i kúrò níbẹ̀, á máa wá BBC tàbí rédíò òkèèrè mìíràn kiri kó tó gbà pé òun ti gbọ́ ìròyìn. Ní Nàìjíríà, ohun kan náà ló ti ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé yìí jẹ́ láti 1965: kí ìjọba máa sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí aráàlú fi ojú ara wọn rí.

Láti agbègbè Ara àti Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àyọkà yìí ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ara wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n òun àti Ẹdẹ àti Èjìgbò ni wọ́n jọ ń yan aṣojú kan ṣoṣo lọ sí ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ìlú tó jìnnà sí Lékè l'Ékòó, tó jìnnà sí ilé ìjọba ni wọ́n. Síbẹ̀ kò sí rògbòdìyàn kan nínú àwọn ti Nàìjíríà tí a fẹ́ kà yìí tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Igbá òfìfo

Ọ̀rọ̀ pé aráàlú kò fọkàn tán olórí mọ́ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ọwọ́ Aláàfin bá ti le kọjá ohun tí ìlú lè fara dà, Baṣọ̀run, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, ni yóò gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn: àwọn ìjòyè kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, òrìṣà pàápàá kọ̀ ọ́. Aláàfin tó bá gba igbá yìí kò tún rí oòrùn ọjọ́ kejì mọ́. Ẹdẹ, tó jẹ́ ibùdó tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ sí ojú ọ̀nà láti ṣọ́ ààlà, tí Tìmì ń jọba lé lórí, mọ àṣà yìí dáadáa. Ìlànà náà le, ó sì ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ìlànà ni. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó lè gbé igbá náà, wọ́n sì mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní tirẹ̀ nínú abala 143, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí ilé aṣòfin ṣe lè yọ ààrẹ. Láti ọdún náà títí di òní, wọn ò tíì fi yọ ààrẹ kankan. Mo gbà pé èyí wà lára ìdí tí inú tó bá bí aráàlú kì í fi í gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú wọn kọjá. Ojú títì ló máa ń gbà.

Wẹ́tìẹ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ibi tí wọ́n ti ka ìbò, ẹnì kan ló wọlé. Nígbà tí rédíò fi máa sọ̀rọ̀ lálẹ́, ẹlòmíràn ni. Alhaji Dauda Adégbénró, tó ṣáájú ẹgbẹ́ alátakò, kéde èsì tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ kó jọ, wọ́n sì mú un. Ní ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ẹnì kan gbé ìbọn wọlé, ó yọ téèpù ọ̀rọ̀ tí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ti gbà sílẹ̀, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tó ń sọ fún un pé kó máa lọ. Wọ́n fẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná bẹ̀rẹ̀. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń da sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn mìíràn pàápàá, ibẹ̀ ni Wẹ́tìẹ̀, orúkọ tí gbogbo Yorùbá fi ń pe àkókò náà, ti wá.

Akíntọ́lá kọ́ ni olórí orílẹ̀-èdè. Olóòtú ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ojú sì wà. Ní 1962, nígbà tí àwọn aṣòfin ń fi àga la ara wọn lórí ní Ìbàdàn, kò pẹ́ ọjọ́ márùn-ún tó fi kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn, tó sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ní 1965, tí ilé ń jó, kò kéde nǹkan kan. Èèyàn tó bá fi ọdún méjèèjì wéra kò nílò alálàyé. Ní oṣù Kínní 1966, àwọn olórí ìjọba Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì wá ṣèpàdé ní Èkó lórí wàhálà Rhodesia, ilé ẹni sì ń jó ní tòsí wọn. Ìpàdé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni nígbà tí àwọn sọ́jà gba ìjọba ní ọjọ́ 15. Balewa àti Akíntọ́lá kú sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn ló jó sójú títì lọ́jọ́ náà, ohun tó sì yẹ kó dun èèyàn ni pé ìjọba tí wọ́n fẹ́ kó lọ ṣáà ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ èyí tó ń bọ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1993

Kí ọjọ́ yìí tó dé, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, olórí ìjọba ológun, ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún 1990 ló kọ́kọ́ dá pé òun máa gbé ìjọba fún alágbádá. Ó sún un sí oṣù Kẹwàá 1992, ó tún sún un sí oṣù Kínní 1993, ó tún sún un sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1993. Máradónà ni wọ́n ń pè é, lórúkọ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ajẹntínà tó mọ bí a ṣe ń gé ọ̀tá kọjá. Wọ́n kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

Síbẹ̀ náà, aráàlú jáde dìbò. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ orúkọ oníkálukú wò, lẹ́yìn náà wọ́n tò. Ìwọ nìkan ni wàá wà níbi tí o ti ń tẹ̀ka, àmọ́ ojú gbogbo èèyàn ni wàá ti ju ìwé náà sínú àpótí. Ẹṣin ni àmì ẹgbẹ́ SDP ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ẹyẹ idì ni ti NRC tí Bashir Tofa gbé àpótí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìbò parí, wọn ò gbé àpótí lọ síbi kankan. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tú u sí, wọ́n ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò sì ń bá wọn kà á: ẹṣin, ẹṣin, idì, ẹṣin. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mọ iye tí wọ́n kà. Ọmọ tí kò tíì tó ìdìbò mọ̀ ọ́n. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó jẹ́ pé Babangida fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991, ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ ni Abíọ́lá rí. Ó borí Tofa ní Ìpínlẹ̀ Kánò, tó jẹ́ ilé Tofa. Nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò orílẹ̀-èdè ló jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò, ti kéde èsì ìpínlẹ̀ 14 nígbà tí wọ́n ní kó dá a dúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, wọ́n wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi wọ́gi lé e, kò sí ìbuwọ́lù kankan lórí rẹ̀. Èmi kò tíì rí ohun tó ṣàlàyé ọjọ́ náà ju èyí lọ: ìbò tí mílíọ̀nù èèyàn fi àtàǹpàkò wọn bu ọwọ́ lù, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lójú àtibuwọ́lù ni wọ́n fi pa á rẹ́.

Aráàlú gbọ́ ìpolongo ìjọba lọ́tùn-ún, wọ́n gbọ́ ọ lósì, wọn ò gbà. Kò ṣeé ṣe fún wọn láti gbà. Bí ó bá ṣe pé àpótí ni wọ́n gbé lọ sí ibìkan tí wọ́n sì ka ìbò níkọ̀kọ̀, èèyàn á lè sọ pé bóyá ọ̀rọ̀ ìjọba lóòótọ́ ni. Ìwọ tí o dúró tì í tí wọ́n kà á, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ọ? Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje, Èkó gbiná. Ẹgbẹ́ Campaign for Democracy, tí Dókítà Bẹ́kọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, ló pe ìwọ́de náà. Àwọn sọ́jà yìnbọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Lóṣù kan náà, wọ́n ti Concord, Punch àti Sketch pa. Àwọn tó rántí ìpakúpa 1966 kó ẹrù, ọkọ̀ akérò kún fún ará ìlà oòrùn tó ń sá lọ sílé. Béèyàn bá fẹ́ mọ bí ìgbẹ́kẹ̀lé ti tán tó, kó wo ẹni tó ń palẹ̀ mọ́.

Babangida kúrò ní oṣù Kẹjọ, ó fi Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn sórí ìjọba fìdíhẹ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ṣónẹ́kàn, bíi ti Abíọ́lá. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lásán ni Yorùbá ń bá kiri, kó wo bí wọ́n ṣe ṣe sí Ṣónẹ́kàn: wọn ò gbà á. Ìjọba rẹ̀ gbé owó bẹntiróòlù láti 70 kọ́bọ̀ sí náírà 5 ní oṣù Kọkànlá, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Adájọ́ Dọ̀lápọ̀ Akínsànyà ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé ìjọba náà kò bófin mu. Ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gágun Sani Abacha gbà á.

Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹdẹ tààrà. Ìsíákà Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ni gómìnà àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun dìbò yàn. Kò tíì pé ọdún méjì tó dé ipò. Abacha tú gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ ká lọ́jọ́ kan, ó tú ilé aṣòfin ká, ó fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Gómìnà tí àwọn èèyàn rẹ̀ tò láti yàn padà sílé. Ohun tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé mọ̀: Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó ní oṣù Kẹfà 1994, wọ́n mú un, àwọn òṣìṣẹ́ elépo daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ ní 1996, Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998, Abíọ́lá náà sì kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje.

Ti Kérékou

Ilẹ̀ Olómìnira Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ọ̀nà mìíràn hàn. Mathieu Kérékou ti ń fi ìbọn jọba láti 1972. Ní 1989, owó oṣù ò wọlé mọ́, báńkì ti wó, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wà lójú títì. Ní oṣù Kejì 1990 ó pe àpérò gbogbogbò sí Kùtọnù, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì darí rẹ̀. Àpérò náà sọ pé ìpinnu òun lábẹ́ òfin ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Kérékou gbà. Ó fìdí rẹmi lọ́wọ́ Nicéphore Soglo nínú ìbò 1991, ó sì lọ jókòó. Ní 1996, àwọn èèyàn yẹn náà ló dìbò yàn án padà. Ẹni tó ti fi agbára jọba lé wọn lórí fún ọdún 17 ni wọ́n dá ìgbẹ́kẹ̀lé padà fún, nítorí pé ó gba ohun tí wọ́n sọ, ojú wọn sì rí i pé ó gbà á.

Láti Lékè dé Ẹdẹ, 2020

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí àwọn ọ̀dọ́ ń bínú sí. Àwọn ọ̀dọ́ ò kúrò lójú títì. Ìjọba ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn ọlọ́pàá náà ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ọláìyá l'Óṣogbo, wọ́n sì fi òkò àti ohun ìjà lé òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó jáde sí wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ gómìnà kò ṣe. Ìbínú tó yẹ kó dé Àbújá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dé sí.

Alẹ́ ọjọ́ 20 ni ìbọn dún níbi ìfẹ̀hónúhàn ní Lékè, ojú fóònù ni wọ́n ti ń wò ó káàkiri ayé bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 22. Kò dárúkọ Lékè. Mo mọ ilé tí wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú wọn, ó dà bí ẹni tó ti retí ẹni tí kò wá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 23, àwọn èèyàn já wọ ilé iṣẹ́ kòkó tó wà ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n kó oúnjẹ ìrànwọ́ àrùn Kòrónà tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni dá jọ sí. Wọ́n gbé ìrẹsì lérí, wọ́n gbé indomie, ìyọ̀, ṣúgà. Alùpùpù ń gbé àpò méjì méjì. Ìjọba ṣàlàyé pé wọn ò tíì parí ètò pípín in ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ti la kónílé-ó-gbélé kọjá lọ́dún náà, ebi ti pa wọ́n, wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé oúnjẹ ń lọ sí ọ̀dọ̀ aráàlú, wọn ò rí i. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n rí i ní àpò àpò. Olè ni ẹni tó jí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi kò ní pe olè ní orúkọ mìíràn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé ìrẹsì lọ́jọ́ náà gbà tọkàntọkàn pé tàwọn ni wọ́n lọ gbé.

Lóde òní, àwọn àjọ bíi Afrobarometer àti NOIPolls máa ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe fọkàn tán ààrẹ sí, wọ́n á sì fi ìṣirò gbé e jáde. Ìṣirò náà wúlò. Àmọ́ kò sí ìṣirò tó tó alẹ́ tí ìlú kò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ààrẹ tán.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2018, Buhari ti sọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà di ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa, ó sì fún Abíọ́lá ní oyè GCFR, oyè tó jẹ́ ti ààrẹ. Síbẹ̀, nígbà náà, ẹni tó wọ́gi lé ìbò náà kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èsì rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2025 ló tó sọ ọ́, ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Babangida sọ níbẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin kó pé ọdún 32 tí àwọn tó tò ní Ara àti Ẹdẹ ti kà á sókè, ẹṣin, ẹṣin, idì, ẹṣin.