Òbìrípo: rédíọ̀sì àti àwọn ìwọ̀n rẹ̀ yòókù

Òbìrípo ni ìlà róbótó tí gbogbo ibi tó wà lórí rẹ̀ jìnnà bákan náà sí ojúkò kan ní àárín. Ìlà láti àárín yìí dé etí ni rédíọ̀sì (r). Ìlà tó gba àárín kọjá láti etí kan dé èkejì ni dáyámítà (d); d = 2r. Gígùn etí náà yípo ni àyíká (C).

Bí a bá fi d pín C, iye kan náà ló máa ń jáde fún òbìrípo yòówù: páì (π), nǹkan bí 3.14159. Archimedes ará Gíríìkì fi hàn pé π wà láàárín 223/71 àti 22/7. Ní 1706, William Jones ará Wales lo àmì π fún un.

Ọ̀nà tí a fi ń wá rédíọ̀sì:
- láti inú dáyámítà: r = d ÷ 2
- láti inú àyíká: r = C ÷ 2π
- láti inú ìtóbi ojú rẹ̀ (A = πr²): r = √(A ÷ π)

Bí àyíká bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 44, tí a lo 22/7 fún π, r jẹ́ 7, A sì jẹ́ 154 ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin.

Bí ó bá jẹ́ àfọ́kù etí ìkòkò nìkan ló kù, a ó wọn ìlà tààrà láti ìkángun kan dé èkejì (c), àti bí etí ṣe ga tó lókè ìdajì ìlà náà (h): r = c²/8h + h/2. Bí c bá jẹ́ 8, tí h jẹ́ 2, r jẹ́ 5.