Ìdí Tí Kòkó Wa Fi Ń Lọ sí Ìkẹjà, tí Ẹ̀gẹ́ Wa Ò sì Lè Rìn Jìnnà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìkẹ̀rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Emùré, àti ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣòwò gàrí, epo àti kòkó, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oògùn àti ajílẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ká sọ ìtàn díẹ̀. Kò sí ìpàdé àgbẹ̀ tí wọn kì í ti í béèrè pé: "Kí ló dé tí wọn ò kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sọ́dọ̀ wa? Ṣebí àwa la ní irè oko." Òótọ́ ni, àwa la ní in. Àmọ́ irè oko nìkan kọ́ ló ń mú iléeṣẹ́ jókòó síbì kan. Ẹ wo ohun tó ń yí ẹ̀rọ, tó ń dáná sábẹ́ agbada. Ẹ tún wo iye ọjọ́ tí irè náà lè lò kó tó bàjẹ́.

Ọ̀pẹ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyìn tí wọ́n bá ti gé lulẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá pẹ́ jù, epo rẹ̀ á kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀bá oko ni àwọn ìyá wa ti ń fún epo láti ayébáyé. Iná ńkọ́? Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Ihá àti èésan ni wọ́n ń kó sábẹ́ ìkòkò títí dòní. Kódà àwọn iléeṣẹ́ epo ńláńlá, ihá àti èésan yìí náà ni wọ́n ń jó láti fi se omi, kí ooru omi náà máa yí ẹ̀rọ wọn. Ohun ọ̀gbìn tó gbé igi ìdáná ara rẹ̀ dání wá, ibo la ti tún fẹ́ rí irú ẹ̀?

Èkùrọ́ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Èkùrọ́ gbígbẹ lè wà nínú àpò fún oṣù púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè rìn jìnnà. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tó ń jáde ní Nàìjíríà. Hamburg ni wọ́n ti ń fún àdín rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe ọṣẹ àti bọ́tà, wọ́n sì ń kó ṣákítí rẹ̀ fún màlúù jẹ. Màlúù Jámánì ń yó lórí èkùrọ́ ilẹ̀ wa, àwa sì ń fowó ra ọṣẹ tó ń bọ̀ láti òkè òkun! Ó di 1923 kí Lever Brothers tó dá iléeṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ní Enúgu ni wọ́n ń jó níbẹ̀. Rélùwéè á gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Èkó. Rélùwéè kò gba Èkìtì kọjá rí.

Kòkó ló wá fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: a ó fọ́ ọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, a ó sá a. Oòrùn ni iná tirẹ̀, a kì í sì í sanwó oòrùn. Kòkó tó bá gbẹ délẹ̀, tí omi inú rẹ̀ kò ju 7 tàbí 8 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò lọ́rinrin, ó lè wà fún oṣù mélòó kan láìbu. Kò fúyẹ́ lówó, kò sì wúwo lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó ń yan án, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń fún bọ́tà ara rẹ̀ ló nílò iná gidi, iná tí kì í ṣẹ́jú. Nítorí náà, kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí ẹ̀rọ wá bá kòkó. Kòkó ló lọ bá ẹ̀rọ.

Ní 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn Cocoa Marketing Board. Ní 1954 ó pín sí ẹkùn-ẹkùn. Owó tí ìgbìmọ̀ yìí ń rí láàárín iye tó ń san fún wa àti iye tó ń tà á ní òkè òkun wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ń ṣe nǹkan. Ìjọba yìí náà ló la ilẹ̀ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìkẹjà, tí kì í ṣe Àkúrẹ́ tàbí Adó? Ẹ má gbàgbé pé abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ tiwọn tó sún mọ́ èbúté jù lọ nìyẹn, rélùwéè ń gba ibẹ̀ kọjá, iná sì wà nítòsí. Ìkẹjà náà ni Cadbury fìdí kalẹ̀ sí ní 1965. Ní tèmi, ẹni tó yan ibẹ̀ mọ ìṣirò. Àmọ́ àwa tí owó kòkó wa lọ́wọ́ sí i, ọ̀nà la rí, àti iléèwé, a ò rí iléeṣẹ́. Nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ kòkó ká ní 1986, ọwọ́ oníkòkò tó ń wá sí abúlé ni kòkó bọ́ sí. Ọ̀nà Èkó náà ló ṣì ń gbà.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú ní Èkìtì rárá. Iléeṣẹ́ aṣọ wà ní Adó, iléeṣẹ́ bíríkì wà ní Ìrè. Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ, amọ̀ kò sì tán nílẹ̀ Ìrè. Dunlop náà ti iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Ìkẹjà pa ní 2008, rọ́bà ò tán nínú igbó. Owó iná àti táyà tó ń wọlé láti òkè òkun ló kó wọn láyà jẹ.

Ó wá ku ẹ̀gẹ́, òun gan-an ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gẹ́ kò jọ kòkó. Nínú kílò 100 tí ẹ bá hú, bíi 60 sí 70 ló jẹ́ omi. Tó bá ti kúrò nílẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹni tó bá ń kó o lọ Èkó, omi ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Ẹ̀gẹ́ ló yẹ kí ẹ̀rọ tẹ̀lé wá sílé.

Ní 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ ńlá kalẹ̀. Ní 2005, wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ fúláwà máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n gbìn ín. Ẹ̀gẹ́ pọ̀, owó rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ tó máa gbẹ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun kíákíá kò tó, èyí tó wà ń mu díísù bí omi. Oòrùn tó gbẹ kòkó kò tó fún ìyẹ̀fun tí oníbúrẹ́dì máa gbà, nítorí ó gbọ́dọ̀ gbẹ lọ́jọ́ kan náà kó má baà kan.

Ibi tó ti yọrí nítòsí wa ni Ògbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí Matna Foods ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí: àárín oko ẹ̀gẹ́, tí ọkọ̀ láti Emùré tàbí Ìsẹ̀ lè dé lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti gàrí tiwa, igi ìdáná ló ń yan án, ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń rin ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, ẹ̀yin tó ni ẹ̀rọ mọ ohun tí ojú yín rí. Ẹni tó bá sì ń lo iná ìjọba lórí Band A, April 2024 ni yúníìtì kan fò láti náírà 68 sí 225.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá wá sípàdé yín pé òun fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ ẹ̀gẹ́, pé kí ẹ lọ gbìn ín sí i, ẹ bi í pé kí ló máa fi yí ẹ̀rọ: díísù ni, gáàsì ni, àbí iná BEDC? Tó bá ní díísù ni, ẹ bi í pé tí díísù bá wọ́n sí i, ṣé owó ẹ̀gẹ́ wa ló máa gé? Ẹ béèrè iye tọ́ọ̀nù tó lè lọ̀ lójúmọ́, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè o.

Ilẹ̀ sì ni àká ẹ̀gẹ́. Ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọdún, kí èyí tó pé oṣù 12 máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má hú u títí ọkọ̀ á fi dúró sójú oko, kí owó sì ti wọlé. Tó bá ti ń sún mọ́ oṣù 18, ẹ fi rin gàrí, nítorí okùn inú rẹ̀ á ti máa pọ̀, sítáàṣì rẹ̀ á sì ti máa dínkù.