Ìtọ́jú eyín àti erìgì nígbà oyún

Oyún máa ń mú àyípadà bá ẹnu obìnrin, erìgì, ìyẹn ẹran tó di ìdí eyín mú, ló sì ń kọ́kọ́ fara gbá a. Bí oyún ti ń dàgbà ni họ́mónù estrogen àti progesterone ń pọ̀ sí i lára. Wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya lọ sí erìgì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ á sì máa jò. Ẹ̀gbin díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, tí erìgì ti ń fara dà látẹ̀yìnwá, á wá di ohun tó ń mú un wú, tó ń mú un pọ́n, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde bí obìnrin bá ń fọnu tàbí tó bá ń jẹ àgbàdo sísun.

Àjọ tó ń dènà àìsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, CDC, fojú bù ú pé aláboyún 60 sí 75 nínú 100 ló máa ń ní àìsàn erìgì wíwú yìí. Nínú ìwádìí tí Harald Löe àti John Silness gbé jáde ní 1963, àìsàn yìí ń fojú hàn láti nǹkan bí oṣù kejì, ó ń le sí i títí di oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ló ń rọlẹ̀. Họ́mónù nìkan kọ́ ló ń dá a sílẹ̀: ẹ̀gbin ni gbòǹgbò rẹ̀, họ́mónù kàn ń kín in lẹ́yìn ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Obìnrin á rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù á bà á, kò ní jẹ́ kí nǹkan kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbin á kó jọ, ẹ̀jẹ̀ á sì tún pọ̀ sí i. Ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló yẹ kó fọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ló dára, kó dẹ orí rẹ̀ sí ìlà tí eyín àti erìgì ti pàdé, kó sì máa rọra yí i níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa erìgì tó wú tì fún ìgbà pípẹ́, àìsàn náà lè wọ inú egungun tó gbé eyín ró, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Lẹ́nu àwọn díẹ̀, tí wọn kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ, kókó pupa kan máa ń hù láàárín eyín méjì, pàápàá lókè níwájú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó sábà máa ń súnkì lẹ́yìn ìbímọ, nítorí náà wọn kì í gé e àfi bó bá ń dí oúnjẹ lọ́wọ́ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá.

Èébì ló ń ba eyín fúnra rẹ̀ jẹ́. Omi kíkan inú ikùn ń jẹ ìpele òde tó le lára eyín, bí obìnrin bá sì ki búrọ́ọ̀ṣì bọnu ní kété tó bì tán, ńṣe ló ń ha ibi tó ti rọ̀ dànù. Kó fi ife omi kan tí wọ́n po ṣíbí tíì kan béékìn sódà mọ́ yọ ẹnu ló dára, kó sì dúró tó wákàtí kan kó tó fọnu. Ìgbàgbọ́ pé ọmọ inú ń fa kásíọ́ọ̀mù láti inú eyín ìyá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kásíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ kò bá tó o, inú egungun ìyá ló ti ń fà á.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló yẹ kí obìnrin máa fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ eyín. Pákò náà wúlò. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé oje inú àwọn igi tí Yorùbá fi ń ṣe pákò lágbára lórí kòkòrò àìfojúrí. Àmọ́ pákò kì í dé àárín eyín dáadáa, gbígún un mọ́ erìgì tó ti wú sì lè dá egbò síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aláboyún ló ń fara da eyín dídùn títí wọ́n fi bímọ, nítorí wọ́n rò pé dókítà eyín lè ṣe oyún lọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, ACOG, ti sọ ọ́ gbangba ní 2013 pé fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà, dídí ihò eyín, yíyọ eyín àti yíya àwòrán X-ray pẹ̀lú aṣọ ìdáàbòbò kò léwu nígbà oyún. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n eyín tó ń ro tàbí tó ti kó ọyún kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà kankan. Abẹ́rẹ́ lidocaine tí ń mú ojú ibẹ̀ kú ṣeé lò. Bí oyún bá ti tóbi, kí obìnrin fẹ̀gbẹ́ sí òsì díẹ̀ lórí àga, kí ọmọ má bàa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Tetracycline kò dára, ó ń sọ eyín ọmọ di aláwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀. Ibuprofen náà kò yẹ láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Paracetamol ni wọ́n sábà ń fún wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, NHS, fún aláboyún, títí di oṣù 12 lẹ́yìn ìbímọ.

Bóyá àìsàn erìgì ń fa bíbímọ kí oṣù tó pé ṣì jẹ́ àríyànjiyàn. Ní 1996, Steven Offenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò pé oṣù tàbí tó fúyẹ́ ni erìgì wọn ń ṣàìsàn jù. Àmọ́ ní 2006, ìwádìí kan tó kó aláboyún tó lé ní 800 jọ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìtọ́jú mú erìgì wọn sàn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n kò dín bíbímọ láìtó oṣù kù. Ó lè jẹ́ pé méjèèjì jọ ń rìn pọ̀ ni, láìjẹ́ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Lẹ́yìn ìbímọ, erìgì sábà ń padà sí ipò rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ìyá ṣì máa tọ́jú ẹnu rẹ̀, torí kòkòrò tó ń jẹ eyín lè ti ẹnu ìyá bọ́ sẹ́nu ọmọ nípasẹ̀ itọ́, bí ìyá bá ń fi ẹnu tọ́ oúnjẹ wò lórí ṣíbí ọmọ tàbí tó ń jẹ ẹran kúnná fún un.