Ta Ni Ó Ni Ẹ̀ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: ẹ̀ṣẹ̀ àti Èṣù. A ń pe méjèèjì níwájú ojúbọ, ṣùgbọ́n ìtàn ti so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí kò tọ́.

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti jáde. Bí ẹnìkan bá ní òun ṣẹ̀, ìbéèrè tí ó kàn ni pé, ‘Ta ni o ṣẹ̀?’ Ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó lè jẹ́ òbí, ó sì lè jẹ́ òrìṣà. Ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kí ọ̀ràn tó tán. Èṣù ní tirẹ̀ ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ. Ó ń dán ènìyàn wò, ó sì ń fìyà jẹ aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni baba ibi.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá yí padà? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì tú sílẹ̀ ní Sàró ní 1822, ni ó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni, gbogbo àwa tí a ń ka Yorùbá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni a fi sí i. Kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀: ní Kúbà, Santo Niño de Atocha, ọmọdé mímọ́ àwọn Kátólíìkì, ni àwọn Lùkùmí fi Ẹlẹ́gbá wé.

Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kan ìwà gan-an. Ẹni tí ó hùwà ìkà yóò ní, ‘Iṣẹ́ èṣù ni.’ Ọ̀rọ̀ yìí gba ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a, ẹni tí a ṣẹ̀ kò sì rí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkèèrè ń gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwa ni a ṣẹ̀, kí a dárúkọ ẹni tí a ṣẹ̀, kí a sì dá orúkọ Èṣù padà sí àyè rẹ̀. Àṣẹ.