Guinea Ní Rárá

Ẹ̀yin ará, bí a bá ti ṣọdún òmìnira tiwa tán ní Zaria níbí ní October 1, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ti Guinea. Ṣùgbọ́n 1958 ni tiwọn, ọdún méjì ṣáájú wa.

Ní August 25 ọdún náà, Ọ̀gágun de Gaulle dé Conakry nítorí ìdìbò September 28: ṣé kí àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀? Sékou Touré dìde, ó sọ ọ́ lójú àlejò pé òṣì nínú òmìnira tẹ́ àwọn lọ́rùn ju ọrọ̀ nínú oko ẹrú lọ. Ó lé ní 95 nínú 100 olùdìbò tó ní rárá. Dahomey, níbi tí àwọn èèyàn wa ará Kétu wà, ní bẹ́ẹ̀ ni. Faransé bá kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Guinea tìbínú-tìbínú.

Ìgboyà ńlá nìyẹn, ta ló máa jiyàn? Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kù. Lábẹ́ ọkùnrin kan náà ni ẹ̀wọ̀n Camp Boiro ti gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Diallo Telli, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, kú síbẹ̀ ní 1977. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Conakry, Raymond-Marie Tchidimbo, wà lẹ́wọ̀n láti 1970 di 1979.