Ìyọ̀ǹda àti Ọ̀ranyàn nínú Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Abala 17 Àdéhùn Wuchale ti 1889

Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1889, Menelik Kejì, Ọba àwọn Ọba ilẹ̀ Etiópíà, bá ìjọba Ítálì ṣe àdéhùn ní Wuchale. Pietro Antonelli ni aṣojú Ítálì. Èdè Àmháríkì àti èdè Ítálì ni a fi kọ àdéhùn náà, abala 19 rẹ̀ sì sọ pé ìwé méjèèjì bára mu, pé ọgbọọgba sì ni agbára wọn. Abala 17 ni wọn kò ti bára mu.

Nínú ìwé Àmháríkì, ọba lè lo ìjọba Ítálì bí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn ìjọba mìíràn sọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, "yichalachewal", kò ju "ó ṣeé ṣe fún wọn" lọ. Nínú ìwé Ítálì, "consente" ni a kọ, èyíinì ni pé ọba "gbà láti" lo ìjọba náà. "Gbọ́dọ̀" kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n "gbà láti" súnmọ́ ọn ju "lè" lọ, nítorí pé ẹni tí ó gbà ti ṣe ìlérí, ìlérí a sì máa de olùṣe rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1889, Ítálì kéde fún àwọn ìjọba Yúróòpù pé nípasẹ̀ òun ni Etiópíà yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Menelik kò mọ̀. Nígbà tí ó kọ̀wé tààrà sí Ọbabìnrin Victoria, èsì tí ó gbà ní 1890 ni pé kí ó gba ọ̀dọ̀ Ítálì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó kọ̀wé sí Ọba Umberto pé òun kò fọwọ́ sí ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún òun. Ní 1893, ó kọ àdéhùn náà sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa ogun tí ó tẹ̀ lé e. Ítálì ti gba Massawa láti 1885, ó sì ń wá ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ náà ni ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1896, Etiópíà ṣẹ́gun rẹ̀ ní Adwa. Ní oṣù Kẹwàá, àdéhùn Addis Ababa fagi lé ti Wuchale, Ítálì sì gbà pé Etiópíà wà ní òmìnira.

Ó hàn gbangba, nítorí náà, pé ọ̀ranyàn inú abala 17 kò ti inú ọ̀rọ̀ wá. Ẹni tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ ni ó fi í kún un.